Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ỌMỌ TÍ Ó LỌ KÀWÉ NÍ ÌPÍNLẸ̀ ẸLÒMÍRÀN

Ọ̀rọ̀ tí Katikíìsì àgbà sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún



Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀, a rò pé ìtàn ìjọ ni wọ́n fẹ́ kí a tún sọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi wá ni èyí: kí ni kí ìjọ yìí ṣe sí ọmọ tí ó gba àyè ní yunifásítì olókìkí ti ìjọba, bí yunifásítì náà kò bá sí ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀? A mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé a ti dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àti pé ẹnu kò tíì kò lórí ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ bíbí ìlú yìí nìkan ni kí a fún. Àwọn mìíràn ní kí a fún kìkì ọmọ tí yóò kàwé nítòsí, kí owó wa má baà di owó ìlú onílùú. A kò ní fi ọkàn wa pamọ́ fún yín: àwa kò bá èkíní lọ, a kò sì bá èkejì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin, lẹ́yìn náà kí ẹ dá wa lẹ́jọ́.

ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Kò sí ohun tuntun nínú kí ọmọ Yorùbá fi ilé sílẹ̀ nítorí ìwé. Ní ọdún 1827 tí Ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun kò tilẹ̀ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ kúrò nílé. A kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, ilẹ̀ àjèjì ni ó sì ti kọ́ A B D. Ní ọdún 1876, Fourah Bay so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, àwọn ọmọ Èkó àti ti Abẹ́òkúta sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ nítorí oyè tí kò sí nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, tí a ṣí ní ọdún 1934, mú ìrìn náà kúrú fún àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti fúnni ní oyè yunifásítì.

Ọdún 1948 ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. Ní ọdún náà ni ilé-ẹ̀kọ́ yunifásítì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn rí ní Ẹlẹ́yẹlé. Yunifásítì London ni ó ń fúnni ní oyè rẹ̀ títí di ọdún 1962, tí Ìbàdàn di yunifásítì tí ó dá dúró. Ìjọ wa ní ìpín nínú iṣẹ́ náà. Alàgbà I. O. Ransome-Kuti, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti Abẹ́òkúta, wà lára ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba yàn ní ọdún 1943 láti wádìí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ìbàdàn títí di òní.

Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà? Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn nìkan, kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnìkan nínú wọn, nítorí pé ọmọ katikíìsì bí àwa ni. Isaiah Okafo Achebe ti Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìbò, jẹ́ katikíìsì àti olùkọ́ fún Ẹgbẹ́ C.M.S. Ọmọ rẹ̀, Chinua, wọ Ìbàdàn ní ọdún 1948 láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ìjọba sì ń san owó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí nínú iṣẹ́ náà, ó sì yí padà sí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ọ̀ràn ìsìn. Owó ìjọba dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọba, ni ó fi owó tí ì bá fi wá sílé lákòókò ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ má baà padà sílé. Ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1953, ní ọdún 1958 ó sì tẹ ìwé Things Fall Apart jáde, ìwé tí a ti túmọ̀ sí èdè tí ó lé ní àádọ́ta káàkiri ayé. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí, ẹ̀yin ará: ohun tí kò jẹ́ kí ìrìnàjò ọmọ katikíìsì náà já sí asán kò ju owó ìrìnàjò ẹnìkan lọ.

A kò gbọdọ̀ sọ apá tí ó dùn nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, ọmọ Ọ́ka ní ilẹ̀ Ìbò, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní ọdún 1960. Ṣùgbọ́n nígbà tí wàhálà ọdún 1966 dé, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ibi púpọ̀, òun àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlà-Oòrùn kó ẹrù wọn, wọ́n sì kúrò ní Ìbàdàn. Yunifásítì lè kọ́ ilé fún àlejò, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ṣe ohun tí yunifásítì nìkan lè fúnni. Àwọn tí ó yí i ká ni wọ́n ń fúnni ní èyíinì.

BÍ Ọ̀NÀ TI RÍ NÍSINSÌNYÍ

Láti ọdún 1978 ni ìgbìmọ̀ JAMB ti ń ṣe ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì ní ilẹ̀ wa. Fún àwọn yunifásítì ti ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí ó wà ni pé ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Nínú àyè ọgọ́rùn-ún, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jùlọ, láti ibikíbi tí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí a kà sí àdúgbò yunifásítì náà. 20 tí ó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ nínú wọn tó. Ẹ̀yin èwe, ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò sì sí nínú àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, ẹnu ọ̀nà náà sì há. Máàkì tí yóò mú ọmọ onílé wọlé lè má tó fún òun. Kí ẹni tí ó ń wo òkèèrè jókòó ti ìwé rẹ̀ ju ẹni tí ó ń wo ìtòsí lọ.

Ní ti owó, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í fi ìpínlẹ̀ ya akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ bí a bá fẹ́ san owó. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: iye kan wà fún ọmọ ìpínlẹ̀, iye mìíràn tí ó jù ú lọ sì wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. A kò lè pe èyí ní ìwà ìkà pátápátá. Ìpínlẹ̀ ni ó ń fi owó àpò rẹ̀ gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì fẹ́ kí àwọn tirẹ̀ kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá sí Yunifásítì Michigan, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1817, tàbí sí Yunifásítì California ní Berkeley, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1868, yóò san owó tí ó lé ní ìlọ́po méjì èyí tí ọmọ ilé ń san. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ohun tí òfin tiwọn ń bèèrè ni pé, Níbo ni ìwọ àti àwọn òbí rẹ ń gbé, níbo ni ẹ sì ti ń san owó orí? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìdílé tí ó bá ti fi ìdí kalẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan di ọmọ ilé, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀. Ohun tí àwa ń bèèrè níhìn-ín ni pé, Níbo ni a bí baba rẹ sí? Ọgbọ̀n ọdún tí ènìyàn fi gbé ibì kan kò lè dáhùn ìbéèrè náà fún un.

ÀÀLÀ TÍ Ń RÌN

Àwa tí a ti dàgbà ti rí i pé ààlà ìpínlẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní ọdún 1967 ọmọ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wá. Ní ọdún 1976 a di ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 1996 a di ọmọ ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ kò rí wa kí a kó ẹrù lọ sí ibì kan. Orí àkéte kan náà ni a ti ń jí.

Ẹ wo yunifásítì tí ó wà ní Adó-Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1982, ti ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ti ọmọ Ìkàrẹ́ ni, bí ó ti jẹ́ ti ọmọ Adó. Nígbà tí a pín ìpínlẹ̀ ní ọdún 1996, ó bọ́ sí apá Èkìtì, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì di àlejò ní ilé tí owó orí baba rẹ̀ kọ́. Ní ọdún 1999 ìpínlẹ̀ Oǹdó ní láti fi ìdí tirẹ̀ kalẹ̀ ní Àkùngbá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì Ladoke Akintola sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e a yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ni ín títí di ọdún 2020 tí ó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pe ọmọ ẹlòmíràn ní àlejò lónìí, kí ó rántí pé ìkéde ẹnìkan lórí rédíò lè sọ ọmọ tirẹ̀ náà di àlejò lọ́la.

OHUN TÍ OJÚ ÀWA RÍ

A fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan níwájú yín. Ní ọdún 1985, ọmọbìnrin wa gba àyè ní Ìbàdàn. A kò jẹ́ kí ó lọ. A ní ọ̀nà jìn, a ní ọmọbìnrin ni, a ní àwa kò ní ẹbí kankan ní Ìbàdàn, kí ó dúró kí ó tún ìdánwò ṣe fún ibi tí ó súnmọ́ wa. Kò bá wa jiyàn. Ó dúró, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní kíláàsì kìíní, ó sì rù. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún ìdánwò náà ṣe, Ìbàdàn kan náà ni ó sì tún mú. Ìyá rẹ̀ wò wá lójú, ó ní, “Baba, bí ẹ bá tún dá a dúró, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wo ojú rẹ̀ ní àràárọ̀.” A gbé àpótí rẹ̀ sórí ọkọ̀.

A gba Iléṣà àti Ifẹ̀ kọjá. Àpótí páànù kan, àpò gàrí kan, sítóòfù elépo kẹrosínì kan, òróró nínú ìgò, àti Bíbélì ni gbogbo ohun tí a fi ràn án. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó kọ sí wa kún fún omijé: wọ́n ń fi ohùn Èkìtì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn oníṣòwò mọ̀ pé àlejò ni, wọ́n sì ń pe owó ọjà lé e lórí. Lẹ́tà kẹta yàtọ̀. Ọmọ Calabar kan ń kọ́ ọ ní oúnjẹ ilẹ̀ wọn, ọmọ Ìlọrin kan sì ń jí i kàwé ní òru. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó ń gbé ní Agbowó, nítorí pé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gba gbogbo wọn. Ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá onílé rẹ̀, Mùsùlùmí, tí kò mọ̀ wá rí, ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Jájà nínú ọgbà yunifásítì, tí ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. A kò gbọ́ ohunkóhun títí ara rẹ̀ fi yá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá náà láti dúpẹ́, a ru iṣu lọ. Ó gba iṣu, ó sì wí pé, “Baba, àwọn ọmọ tèmi náà wà lójú ọ̀nà.” Láti ọjọ́ náà, a kò lè rí ọmọ àlejò kan ní ìlú yìí kí a má rántí gbólóhùn náà.

Ṣùgbọ́n ọdún kan tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ wa, a kò rí i dá padà. Òun ti gbàgbé rẹ̀. Àwa kò gbàgbé.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

Ẹ̀yin èwe, kí ẹ tó yan yunifásítì tí ó jìnnà, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin. Èkíní, ṣé ibẹ̀ ni a gbé ń kọ́ni ní ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ dáadáa, tàbí òkìkí orúkọ nìkan ni ẹ ń tẹ̀lé? Èkejì, èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ títí dé òpin: owó ilé, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀, àti owó oṣù tí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ̀yin sì wà ní ìlú onílùú? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò gbọ́ bí ara yín kò bá yá? Ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ ti ka ìwé òfin owó ilé-ẹ̀kọ́ náà tán, kì í ṣe pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn? Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọdún 2023 ni òfin owó àyálò ìjọba àpapọ̀ ti wà fún akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ẹ wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé gbèsè ni.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọ́ ìkíni ìlú náà kí ẹ tó kọ́ àbùkù rẹ̀. Ẹ wá ilé ìsìn, kí ẹnìkan lè mọ̀ bí ẹ kò bá wá ní ọjọ́ ìsinmi méjì. Ẹ máa ránṣẹ́ sílé kí ó tó di pé owó tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Ẹ̀yin onílé ní ìlú yìí, tí ẹ ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ibòmíràn wá, ẹ rántí ìyá Agbowó. Iye tí ẹ kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

NÍ TI OWÓ ÌRÀNWỌ́ NÁÀ

Ẹ̀yin ará, a ti dé ibi tí a ń lọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ tẹ ìlú yìí dó pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà, láti òdì kejì odò Ọya. A bí ọmọ náà níhìn-ín. Ọwọ́ wa yìí ni a fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìtẹ̀bọmi. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ohùn Èkìtì ni ẹ óò gbọ́. Nígbà tí ó gba àyè ní yunifásítì kan, a bèèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé náà, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibí. Wọ́n ní kí ó lọ sí ìlú baba rẹ̀, ìlú tí òun kò dé rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó tọ̀ wá wá. Ìwé ìtẹ̀bọmi nìkan ni a ní láti fún un. Akọ̀wé wò ó, ó ní ìwé yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí àwọn ń bèèrè. Owó àlejò ni wọ́n kọ fún un, baba rẹ̀ kò sì lè san án. Ọdún kẹta nìyí. Aṣọ ni ó ń rán báyìí, ó sì ń rán an dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ kọ́.

Bí a bá kọ sínú ìwé òfin owó wa pé ọmọ bíbí ìlú yìí nìkan, a jẹ́ pé ìjọ náà ti bá akọ̀wé yẹn fọwọ́ sí i. Níbo ni ọmọ yìí yóò wá jẹ́ ọmọ ilé?

A ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ yìí. Katikíìsì àkọ́kọ́ tí ó kọ́ àwọn baba wa ní ìwé kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Ẹni tí ó gbẹ́ àga ìwàásù wa kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Nínú owó àkọ́kọ́ tí a fi ra páànù òrùlé, àwọn oníṣòwò tí ó wá ná ọjà wa wà lára àwọn tí ó dá a. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí a ti bèèrè ìlú baba wọn kí a tó gba owó wọn.

Nítorí náà, àbá wa fún Ìgbìmọ̀ ni èyí. Kí a fi owó náà ran ọmọ èyíkéyìí tí a tẹ̀bọmi tàbí tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ yìí, ibi yòówù kí baba rẹ̀ ti wá. Kí a fi ràn án lọ ibikíbi tí ó bá ti gba àyè, ìbáà ṣe Adó, ìbáà ṣe Ìbàdàn, ìbáà ṣe Nsukka tàbí Zaria. Kí ìlànà kan ṣoṣo sì jẹ́ èyí, pé kí ọmọ náà ti ṣe ipa tirẹ̀, kí àìní rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Bí owó bá kéré, kí a fún ọmọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ààlà tí ìjọba fà gé àwọn ọmọ wa sí méjì.

A ti sọ èyí tí ó wà lọ́kàn wa. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà ní ìpàdé, àwa yóò gbà, nítorí ti gbogbo wa ni owó náà. Ṣùgbọ́n àwa ti fi owó tí a pamọ́ fún aṣọ àjọ̀dún wa sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí wa nínú aṣọ ọdún tó kọjá. Kí Ọlọ́run tí ó mú àwọn baba wa la ọgọ́rùn-ún ọdún já ṣọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lójú ọ̀nà, tiwa àti ti ẹlòmíràn. Àmín.